Ọwọ́ Ọmọdé àti Ẹ̀mí Kòkòrò

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ìyá tí ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé ń dá a lóhùn lójoojúmọ́, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń dá ìbéèrè kankan lóhùn. Ọmọ ọdún márùn-ún kan mú lámilámi létí odò. Ó fi òwú so ìrù rẹ̀, ó di etí òwú náà mú, ó sì ń jẹ́ kí ó máa fò lọ sókè títí òwú yóò fi fà á padà. Inú ọmọ náà dùn gidigidi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, olúkúlùkù sì ń fẹ́ kí ó kan òun. Kí ni ó tọ́ kí àgbàlagbà tí ń kọjá lọ ṣe? Kí ó bá wọn rẹ́rìn-ín ni, tàbí kí ó já òwú náà gbà, tàbí kí ó máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan? Àwọn tí ń bá tiwọn lọ ni ó pọ̀ jù lọ nínú wa.

A ń béèrè èyí nítorí pé ní ìgbà tí a wà yìí, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ń gba ara wọn níyànjú pé kí a máa mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jáde sí gbangba, kí wọ́n fojú ara wọn rí ewé, kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀, kí wọ́n wo ẹyẹ àti kòkòrò, kí wọ́n má baà máa jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìmọ̀ràn rere ni, àwa náà sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn náà a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbangba fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ ọmọ ní ìwà pẹ̀lẹ́. Bí ẹni pé bí ọmọ bá sá ti dé abẹ́ igi, ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi kan náà ni ọmọ kan ti ń kọ́ sùúrù tí èkejì sì ti ń kọ́ ìkà, ohun tí ó sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò jìnnà sí ẹni tí ó bá wọn lọ síbẹ̀.

John Locke, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, kọ ìwé kan lórí ìtọ́ni ọmọdé ní ọdún 1693. Nínú rẹ̀ ó ṣe àkíyèsí pé bí ẹyẹ tàbí labalábá bá bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọdé, wọn a máa jẹ ẹ́ níyà, wọn a sì máa fi ìyà náà ṣe ayọ̀. Ó ní kí a máa ṣọ́ wọn, kí a sì dá wọn lẹ́kun, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ìyà ẹranko di àṣà, díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ yóò yigbì sí ènìyàn pẹ̀lú. Ó yin ìyá kan tí ó máa ń gba àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ láyè láti ní ajá, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ, ṣùgbọ́n tí ó fi dandan lé e pé kí wọ́n tọ́jú wọn bí ó ti yẹ.

Ọ̀rọ̀ náà dára. Síbẹ̀, bí a bá yí i wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, a ó rí i pé ó fo ohun kan dá. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ènìyàn nìkan ni a fi ń dá ọmọ lẹ́kun, ǹjẹ́ bí a bá rí ọmọ kan tí a mọ̀ dájú pé kò ní ṣe ènìyàn níkà láéláé, ṣé kí ó wá máa já lámilámi ní apá bí ó ti wù ú? Lámilámi náà kò sí nínú àròjinlẹ̀ yìí rárá. Ó dàbí ìtẹ́lẹ̀ tí a ń kọ́ orúkọ lé lórí kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé gan-an.

Àwọn baba wa sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Wọ́n ní ẹni tí yóò bá mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Lóòótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ènìyàn sí ènìyàn ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí: ọkùnrin kan fẹ́ rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ, àgbà sì ránni létí ọmọ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo bí òwe náà ti dúró. Kò wí pé, má gún ọmọ ẹyẹ, kí ìwọ má baà gún ọmọ ẹlòmíràn lọ́la. Ara ẹni tí ó mú igi lọ́wọ́ ni ó gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara ọmọ ẹyẹ, ó sì ní kí a fi ọ̀kan wọn èkejì. Bí kò bá jẹ́ pé ó ń dun ọmọ ẹyẹ nítòótọ́, òwe náà kò ní ìtumọ̀, a kì bá sì lè fi í bá ẹnikẹ́ni wí. Nítorí náà, ohun tí Locke fo dá ni àwọn baba wa fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ẹyẹ ni ẹyẹ, kòkòrò ni kòkòrò. Ta ni ó mọ̀ bóyá ó ń dun lámilámi? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí. Ní ọdún 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan nípa àwọn ẹ̀dá tí ń mọ ìnira lára: ó ka àwọn ẹran elégungun ẹ̀yìn mọ́ wọn, ó ka akàn àti edé mọ́ wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò ka kòkòrò mọ́ wọn. Àwa kò ní sọ fún ọmọdé pé a mọ ohun tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò nílò òfin láti rí i pé lámilámi náà ń fà lọ síhà ibì kan, àti pé òwú ni kò jẹ́ kí ó lọ. Ojú rẹ̀ tó èyí. Kí a bi í pé, níbo ni o rò pé ó ń lọ? Ìbéèrè kékeré yìí a máa tú òwú ju ìbáwí lọ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin olùkọ́ni, ṣé ẹ̀yin kì í jẹ ìgbín ni? A ń jẹ ẹ́, a sì ń fẹ́ ata sí i. Àwa kò pe ọmọ tí ó wa ìrẹ̀ nínú ihò rẹ̀ tí ó sì sun ún nínú eérú gbígbóná ní ìkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò pe àwọn tí wọ́n gbé abọ́ omi sábẹ́ àtùpà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí esunsun sì ń já wọ inú rẹ̀ ní ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún. Ọmọ tí ń wa ìrẹ̀ ní láti mọ erùpẹ̀ tútù tí ìrẹ̀ kó sí ẹnu ihò. Ó ní láti mọ ohùn rẹ̀ ní àṣálẹ́, kí ó sì mọ ìgbà tí yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tí ń kó esunsun lè kọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé àwọn ọba àti ayaba ọ̀la ni wọ́n, tí wọ́n jáde kúrò nínú òkìtì ọ̀gán láti lọ dá ìlú tiwọn sílẹ̀, àti pé díẹ̀ kíún nínú wọn ni yóò rí ibẹ̀ dé. Ẹni tí ó pa láti jẹ ní òpin sí ohun tí ó ń ṣe, nítorí ikùn a máa yó. Ẹni tí ó ń pa ṣeré kò mọ ibi tí yóò dúró.

Ìtàn kan wà tí Albert Schweitzer sọ nípa ìgbà èwe ara rẹ̀ ní Alsace. A bí ọkùnrin yìí ní ọdún 1875. Òun ni oníṣègùn àti oníwàásù tí ó tẹ ilé ìwòsàn dó sí Lambaréné ní ilẹ̀ Gabon ní ọdún 1913. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, òun àti ọmọkùnrin kan fi rọ́bà ṣe ohun tí a fi ń ta òkúta, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ sí ọrùn kiri. Ní òwúrọ̀ kan nígbà Lẹ́ńtì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn lọ ta ẹyẹ. Kò fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé ọ̀rẹ́ náà yóò fi òun ṣe ẹlẹ́yà, ó sì bá a lọ. Wọ́n dé ìdí igi kan tí kò tíì rúwé, àwọn ẹyẹ sì ń kọrin lórí rẹ̀. Bí wọ́n ti fa rọ́bà tán ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ọmọ náà ju rọ́bà sílẹ̀, ó lé àwọn ẹyẹ náà kí wọ́n má baà kú, ó sì sá lọ sílé.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí ṣàkíyèsí nínú rẹ̀ ni pé ọmọ náà kò kórìíra ẹyẹ. Ẹ̀rín ni ó bẹ̀rù. Púpọ̀ nínú ìkà tí àwọn ọmọdé ń ṣe sí alángbá àti ẹyẹ kì í ti inú ọkàn wọn wá. Àárín ẹgbẹ́ ni ó ti ń wá, níbi tí ẹni tí ó bá fà sẹ́yìn yóò ti di ojo. Nítorí náà ni àgbàlagbà tí ó dúró ti ọmọ onílámilámi tí ó sì rẹ́rìn-ín fi ṣe ohun tí ó ju ẹ̀rín lọ: ó ti fi ìka tẹ ìwé fún un. Agogo kì í sì í lù ní gbogbo ìgbà.

Schweitzer yìí kan náà ni ó ti inú ọkọ̀ lórí odò Ogowe, ní ọdún 1915, rí gbólóhùn tí ó fi di olókìkí, pé kí a máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí gbogbo. A kò gbọdọ̀ ṣàì sọ ìyókù. Ọkùnrin tí kò fẹ́ tẹ kòkòrò mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà yìí kọ̀wé pé arákùnrin òun ni ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n pé àbúrò ni, òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Àwọn baba tí wọ́n ju ú lọ ní ọjọ́ orí wà ní Lambaréné nígbà náà. Ó hàn gbangba pé àánú sí kòkòrò kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣeé ṣe kí ìkà sí kòkòrò má dé ibẹ̀ pẹ̀lú. A ní láti kọ́ ọmọ ní méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀ àti nítorí ara rẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe pẹ̀lú ọmọ ní gbangba? Ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni. Ẹ mú un lọ sí ìdí ògiri, lábẹ́ òrùlé níbi tí òjò kì í dé, tí yanrìn ibẹ̀ gbẹ tí ó sì kúnná. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí kòtò kéékèèké tí wọ́n rí bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò. Kúlúsọ ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi yanrìn bo ara, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó yọ síta. Bí èèrà bá tẹ etí kòtò, yanrìn yóò yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ gòkè padà, kúlúsọ yóò máa da yanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi ṣubú. Ẹyin-rìn ni ó ń rìn bí a bá gbé e sórí ilẹ̀. Ọmọ kò sì ní gbà yín gbọ́ bí ẹ bá sọ fún un pé lọ́jọ́ kan kòkòrò onídọ̀tí yìí yóò hu ìyẹ́ mẹ́rin, yóò sì fò lóru bí ẹni tí ó bá lámilámi tan.

Níbi kòtò yìí ni ọmọ ti sábà máa ń béèrè ìbéèrè tí olùkọ́ kò múra sílẹ̀ fún: ṣé kí n yọ èèrà náà? Ẹ má ṣe yára dáhùn. Bí a bá yọ gbogbo èèrà, ebi yóò pa kúlúsọ. Bí a bá sì ń ju èèrà sí i kí a lè rí ìjà wò, a ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń jà. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ọmọ jókòó, kí ó wò, kí ó má ju sí i, kí ó má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó ṣòro fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ṣòro fún àgbà pẹ̀lú.

Àwọn ẹ̀gà tí ń pariwo lórí ọ̀pẹ tàbí igi àgbọn, tí a ń sọ ní òkúta nítorí pé wọ́n ń fa imọ̀ ya, ẹ jẹ́ kí a wò wọ́n láti òkèèrè. Akọ ni ó ń hun ìtẹ́. Bí ó bá hun ún tán, yóò dorí kodò ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò máa gbọn apá, yóò sì máa pe abo kí ó wá wò ó. Bí ìtẹ́ náà bá pẹ́ tí kò sí abo tí ó gbà á, akọ kan náà yóò tú u palẹ̀, yóò sì tún òmíràn hun. Bí ẹ bá rí ìtẹ́ tí ó já bọ́ sílẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ gbé e fún ọmọ kí ó tú u fọ́nrán fọ́nrán, kí ó sì gbìyànjú láti hun ún padà. Ìka mẹ́wàá ni yóò fi ṣe é, kò sì ní lè ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni òkúta yóò ti wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Patanmọ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo ọmọ mọ bí a ti ń fọwọ́ kàn án kí ó lè pa ewé dé. Omi tí ó sá kúrò ní ìdí ewé náà ni ó ń mú kí ó rẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ ni ó mọ̀ bí ó ti ń pẹ́ tó kí ó tó là padà, nítorí wọn kì í dúró. Ẹ dúró pẹ̀lú ọmọ, kí ẹ máa kà. Gbígbin ẹ̀wà mẹ́ta sínú agolo mílíìkì tí ó ti tán, gbogbo olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni ó mọ èyí, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí a sì kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ ihò, nítorí ejò àti àkéekèé, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan wèrèpè àti èsìsì.

Charlotte Mason, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kọ̀wé fún àwọn ìyá ní ọdún 1886, fẹ́ kí ọmọ wẹ́wẹ́ lo wákàtí mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ní gbangba lójoojúmọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Oṣù òjò tiwa gan-an nìyẹn! Àwọn ìyá tí ó ń bá sọ̀rọ̀ sì ní ìránṣẹ́ nínú ilé; ìyá tiwa wà ní ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdá mẹ́rin wákàtí kan ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tàbí lẹ́yìn tí òjò bá dá, tó bí a kò bá fi sáré.

Ohun kan wà tí ó ń dùn wá. Ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ kan kò ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń fi gbangba ṣe ju ìjìyà lọ. Ọmọ tí ó pẹ́ dé yóò gé koríko. Ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì yóò ṣa ewé abẹ́ máńgòrò. Èyí tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ yóò hú kùkùté. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà irú èyí, a tún ń ṣe kàyéfì pé àwọn ọ̀dọ́ sá fún oko. Ẹni tí a fi ilẹ̀ jẹ níyà kò ní fẹ́ràn ilẹ̀, kò sì ní ṣàánú ohun tí ń gbé inú rẹ̀.

Àwọn tí ń gbé ìlú ńlá yóò wí pé símẹ́ńtì ni láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri. Alángbá olórí pupa ṣì wà lórí ògiri náà tí ń mi orí. Èèrà wà nínú ojú ibi tí símẹ́ńtì ti sán. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ilẹ̀ gbalasa àti igi ńlá, tí a ń ti géètì rẹ̀ pa láti ọjọ́ Ajé títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ ṣí i fún àwọn ọmọ àdúgbò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àgbà kan sì jókòó síbẹ̀.

Nínú ìwé Deuteronomi, orí 22, òfin kékeré kan wà nípa ẹni tí ó bá ṣalábàápàdé ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà, tí ìyá sì ń sàba. A gbà á láyè láti mú àwọn ọmọ. Ìyá ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó lọ. Láàárín òfin màlúù tí ó ṣubú lọ́nà àti òfin ìgbátí òrùlé ilé titun ni a fi í sí, bí ẹni pé ó tó wọn. Kò sọ fún ni pé kí ọwọ́ má kan nǹkan rárá. Ó sọ pé ọwọ́ tí ó mú gbọ́dọ̀ lè tú sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kì í kọ́ ohunkóhun bí wọn kò bá dì í mú; ṣùgbọ́n dídì mú nìkan ni wọ́n bá wá sáyé, ìtúsílẹ̀ ni a ní láti kọ́ wọn.

Ìgbín ni ó dára jù fún èyí. Ní ìgbà òjò, kí ọmọ mú ọ̀kan tí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kí ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé ìbẹ́pẹ, kí ó sì wò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Yóò rí ojú rẹ̀ ní orí ìwo gígùn méjèèjì; yóò rí i bí ó ti ń fà á wọlé. Ẹ sọ fún un pé ìgbín kọ̀ọ̀kan ni akọ àti abo lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, yóò sì sùn títí òjò yóò fi padà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí ọmọ gbé e padà sí ibi tí ó ti mú un gan-an. Yóò sunkún. Ẹ má ṣe tàn án pé ẹ ó ra òmíràn, ẹ má sì bú u. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, òun ni yóò kọ́kọ́ jí nínú ilé, yóò sì jáde lọ wo ipa tí ń dán lórí ilẹ̀, láti mọ ibi tí ìgbín rẹ̀ gbà lọ.